Fáàfù àti Kọ̀ǹpútà: Níbo Gan-an Ni Ohùn Gìtá Ti Ń Wá?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin olórin, ẹ̀yin onígìtá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń dúró nídìí míksà nígbà tí gbogbo èèyàn bá ń jó. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ti ń ta gìtá kí wọ́n tó bí àwa kan, mo júbà yín. Ìbéèrè tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ lónìí kò gùn: nínú áńpù oní-fáàfù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn gìtá di ńlá, tó ní àwọn gíláàsì tó máa ń pọ́n yòò lẹ́yìn, àti mọ́dẹ́là, ìyẹn ẹ̀rọ oní-kọ̀ǹpútà tó ń ṣe bí áńpù, èwo ló dáa jù? Àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó lápá òsì mi yìí ti ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n mọ̀ pé ìjà ni wọ́n pè mí sí.

N ò ní sá fún ìjà náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ti sọ ibi tí mo dúró sí, kẹ́ ẹ lè máa fi dá mi lẹ́jọ́ bí mo ṣe ń lọ. Púpọ̀ nínú ohun tí àwọn èèyàn ń pè ní ohùn fáàfù, ohùn sípíkà ni, ohùn yàrá ni, ariwo sì wà ńbẹ̀. Ẹni tó gbé áńpù ńlá kalẹ̀, tó ṣí i sókè, tó dúró síwájú rẹ̀ tí ṣòkòtò rẹ̀ ń gbọ̀n, tó tún wá ki hẹ́dífóònù bọ etí láti gbọ́ mọ́dẹ́là, tó ní, "Ẹ ò rí i báyìí, kọ̀ǹpútà ò lè ṣe é," kò tíì fi fáàfù wé kọ̀ǹpútà rárá. Sípíkà ló fi wé hẹ́dífóònù.

Ẹ jẹ́ ká ti ìdí fáàfù bẹ̀rẹ̀. John Ambrose Fleming ló ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1904. Ní 1906, Lee de Forest ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀yà kẹta sí i, ẹ̀yà yẹn ló sì sọ ọ́ di ohun tó lè sọ ohùn kékeré di ńlá. Gíláàsì tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde ni. Ohun kan wà láàárín rẹ̀ tó máa ń gbóná. Bó bá ti gbóná, iná á máa fò láti ara rẹ̀ lọ bá irin pẹlẹbẹ kan tó yí i ká. Láàárín àwọn méjèèjì ni wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ká bí àwọ̀n. Iná bíńtín tó bá ti ara okùn gìtá wá, orí àwọ̀n yìí ló ń bà sí, òun ló sì ń pàṣẹ fún iná ńlá tó ń kọjá pé kó pọ̀ sí i tàbí kó dínkù. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n ṣe transistor, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tó ń ṣe iṣẹ́ fáàfù láìní gíláàsì, ní ilé ìwádìí Bell Labs ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1947, àwọn tó ń ṣe rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà fi fáàfù sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sì dùn wọ́n. Transistor kéré, kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀, bó bá já bọ́ lọ́wọ́ ẹ kì í fọ́. Àwa onígìtá la kọ̀ tá ò kúrò níbẹ̀. Kì í ṣe pé orí kunkun nìkan ni. Ohun tí ẹnjiníà kà sí àléébù lára fáàfù, òun gan-an la fẹ́.

Gbogbo áńpù ló ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí o bá tì í kọjá ibẹ̀, yóò gé orí ìró náà. Áńpù transistor tí wọ́n ṣe lọ́nà tó rọrùn máa ń gé e lójijì: ohùn mọ́, mọ́, mọ́, àfi gbà, ó ti há. Fáàfù máa ń kọ́kọ́ tẹ orí ìró náà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohùn gìtá á sanra, á wá máa hà díẹ̀ létí, kó tó wá há pátápátá. Láàárín mímọ́ àti híhá yẹn ni ọ̀pọ̀ onígìtá ń gbé. Ta okùn jẹ́jẹ́, ó mọ́. Ta á kíkan, ó há. O ò fọwọ́ kan bọ́tìnì kankan.

Leo Fender, ẹni tó ń ṣe áńpù ní Fullerton ní California, kò ní i lọ́kàn pé kí áńpù òun máa há. Ohùn tó mọ́ ló ń wá. Bassman tó ṣe ní 1959, oní-sípíkà íǹṣì 10 mẹ́rin, gìtá báàsì ló ṣe é fún, bí orúkọ rẹ̀ ṣe sọ. Àwọn onígìtá gbà á lọ, wọ́n ṣí i ré kọjá ibi tó yẹ, wọ́n sì rí ohun tí wọ́n ń wá. Nígbà tó di 1962, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń lu dùrọ́ọ̀mù, tó ní ṣọ́ọ̀bù ohun èlò orin ní Hanwell nílùú London, Jim Marshall, pẹ̀lú Ken Bran àti Dudley Craven, wo inú Bassman yìí, wọ́n sì ṣe tiwọn jáde. JTM45 ni wọ́n pè é.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ níbí, torí ẹ̀rí mi ńlá kan wà níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe so wáyà Bassman àti bí wọ́n ṣe so ti JTM45 fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ara wọn délẹ̀. Àmọ́ ta ló máa gbọ́ Fender, tó máa gbọ́ Marshall, tó máa ní ọ̀kan náà ni? Lóòótọ́, àwọn ẹ̀yà ara tí wọ́n rí rà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀, tàràńsífọ́mà yàtọ̀, kò pẹ́ tí fáàfù náà fi yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó yàtọ̀ jù ni pé Fender fi sípíkà íǹṣì 10 mẹ́rin sínú àpótí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, Marshall fi sípíkà Celestion íǹṣì 12 mẹ́rin sínú àpótí tí wọ́n dé pa. Wáyà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan, àpótí yàtọ̀, ohùn di ìdàkejì. Ẹ fi ìyẹn sápò.

Sípíkà gìtá kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń tò síta níbi òde. Ìyẹn máa ń gbìyànjú láti gbé ohun gbogbo jáde bó ṣe wọlé. Ti gìtá kò ráyè ìyẹn. Èyí tó jẹ́ íǹṣì 12, bí ohùn bá ti kọjá nǹkan bí 5,000 Hz, ìyẹn kó máa gbọ̀n ní ìgbà 5,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, agbára rẹ̀ á já wálẹ̀ wìì. Ọpẹ́ ni! Bẹ́ ẹ bá gba dísítọ́ṣọ̀n, ìyẹn ohùn tó ti há, bó ṣe ń jáde lára fáàfù, láìjẹ́ kó gba ara sípíkà yìí kọjá, ariwo fíífíí tó ń gún ni létí lásán ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, kó pa sípíkà inú mọ́dẹ́là rẹ̀, kó sì tẹ́tí. Kò ní tún bèèrè ohun tí sípíkà ń ṣe mọ́.

Ìwà kejì tí sípíkà yìí ní ni pé ohùn tó mú ṣáṣá ń lọ tààrà síwájú, kì í tàn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Onígìtá tó gbé áńpù rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó dúró síwájú rẹ̀, itan rẹ̀ ló ń gbọ́ ohùn náà, etí rẹ̀ kò gbọ́ ọ dáadáa. Á máa fi kún tírẹ́búù, ìyẹn ohùn òkè, á tún fi kún un. Àwọn tó jókòó ní ìlà iwájú ló ń jẹ ìyà rẹ̀, ẹni tó wà nídìí míksà ló sì ń gba èébú.

Ìkẹta: gbogbo gìtá tá a ti gbọ́ nínú rẹ́kọ́ọ̀dù tá a sì fẹ́ràn, kò sí èyí tá a fi etí wa gbọ́ ní tààrà nínú wọn. Lọ́pọ̀ ìgbà, máìkì ni wọ́n gbé síwájú sípíkà, ó lè jẹ́ Shure SM57 tó ti wà láti 1965, ibi tí wọ́n gbé e sí kò sì ju ìwọ̀n ìka mélòó kan lọ sí aṣọ sípíkà. Bí máìkì náà bá kúrò láàárín sípíkà lọ sí etí rẹ̀ díẹ̀, ohùn á yí padà ju bí ìgbà tẹ́ ẹ pààrọ̀ fáàfù lọ. Etí máìkì la fi gbọ́ àwọn orin tó sọ wá di onígìtá.

Mọ́dẹ́là kò ṣe ju kó gbé gbogbo rẹ̀ papọ̀ lọ: áńpù, sípíkà, máìkì, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìró yàrá. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń sọ pé, "Ohùn náà dáa o, ṣùgbọ́n kò sí nínú yàrá pẹ̀lú mi." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ohùn inú rẹ́kọ́ọ̀dù ni mọ́dẹ́là ń fún wọn, ohùn inú yàrá ni ara wọn ti mọ́. Ẹ so mọ́dẹ́là kan náà mọ́ áńpù agbára tó dáa, ẹ pa sípíkà àfarawé inú rẹ̀, ẹ wá fi àpótí Celestion gidi gbé e jáde. Ìdajì ìjà náà á parí lójú ẹsẹ̀.

Ó ku ìdajì kejì, kò sì yẹ kí n fi dù yín, torí fáàfù ní àwọn nǹkan kan tó jẹ́ tirẹ̀ lóòótọ́. Nínú áńpù àtijọ́, fáàfù kan wà, bíi GZ34, tó ń sọ iná tó wá látinú ògiri di irú èyí tí áńpù lè lò. Bí o bá ta kọ́ọ̀dù kan kíkan, áńpù á fẹ́ iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, fáàfù yẹn kò sì ní lè gbé gbogbo rẹ̀ wá. Vólítì á já díẹ̀, ohùn á rì, á tún rú sókè padà. Kò gba àkókò kankan, olùgbọ́ lè má mọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ onígìtá mọ̀ ọ́n. Ìkejì ni pé áńpù oní-fáàfù kì í fún sípíkà lóhùn kó sì gbàgbé rẹ̀. Bí sípíkà ṣe ń kọ iná ní ohùn ìsàlẹ̀ kan báyìí, àti ní òkè pátápátá, áńpù á gbà fún un, báàsì àti tírẹ́búù á wú sí i níbẹ̀. Áńpù transistor tó le kì í gbà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ pé òun mọ ìyàtọ̀ lábẹ́ ọwọ́ òun, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní báyìí, àwọn oní-kọ̀ǹpútà. Ìtàn wọn kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà. Ní 1989, Tech 21 ti gbé SansAmp jáde, àpótí kékeré tí kò ní kọ̀ǹpútà kankan nínú, tó sì ń fara wé áńpù tí máìkì wà níwájú rẹ̀. Roland gbé VG-8 dé ní 1995. Línì 6 — ẹ jọ̀ọ́, Line 6, ẹnu mi ló yọ̀ — dé ní 1996 pẹ̀lú AxSys 212. POD tí wọ́n ṣe tẹ̀ lé e ní 1998, pupa bí ata, tó rí bíi kíndìnrín, ló gbé ọ̀rọ̀ náà wọ yàrá àwọn ọ̀dọ́ káàkiri ayé. Fractal Audio gbé Axe-Fx wá ní 2006. Ní 2011, Christoph Kemper láti Jámánì fi Profiler rẹ̀ han ayé. Lẹ́yìn ìyẹn ni Helix wá ní 2015, àti Quad Cortex tí Neural DSP ń ṣe ní Finland, àti ToneX láti Ítálì ní 2022. Neural Amp Modeler sì wà tó jẹ́ ọ̀fẹ́ pátápátá, tẹ́nikẹ́ni tó ní kọ̀ǹpútà lè lò.

Kì í ṣe ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà. Àwọn kan ń fi ìṣirò tún áńpù kọ́ látòkèdélẹ̀: fáàfù yìí, rẹsísítọ̀ yìí, tàràńsífọ́mà yìí, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń hùwà. Bọ́tìnì tó o bá yí lára irú èyí máa ń ṣe bíi bọ́tìnì gidi. Àwọn mìíràn kì í bèèrè ohun tó wà nínú áńpù. Wọ́n á rán ìró wọlé, wọ́n á gbọ́ ohun tó jáde, kọ̀ǹpútà á sì kọ́ bí èyí ṣe di ìyẹn. Kemper ló sọ ọ̀nà yìí di ìlú mọ̀ọ́ká. Àwọn ti ìsinsìnyí ń fi irú ọgbọ́n tó wà nídìí ẹ̀rọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ṣe é. Fọ́tò ni irú rẹ̀ jẹ́. Ó jọ ẹni náà gan-an, ṣùgbọ́n bí áńpù ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n yà á nìyẹn. Bí o bá yí bọ́tìnì géènì, èyí tó ń pinnu bí ohùn ṣe máa há tó, lórí rẹ̀, ẹ̀rọ ń méfò ohun tí áńpù gidi ìbá ṣe ni. Àwọn tó ń ra irú fọ́tò áńpù bẹ́ẹ̀ ní fáìlì lọ́pọ̀ yanturu, tí wọ́n sì ń ráhùn pé bọ́tìnì kò ṣiṣẹ́ dáadáa, ibẹ̀ ni wàhálà wọn wà.

Ìdí tí POD àtijọ́ fi máa ń dún gbígbẹ nígbà tó bá há, mo rò pé ó yẹ ká mọ̀ ọ́n. Kọ̀ǹpútà kì í gbọ́ ohùn lọ gbuurugbu. Ó ń wọ̀n ọ́n ní ìgbà 44,100 tàbí 48,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bó bá jẹ́ 48,000, kò lè gbé ohùn tó bá ga ju 24,000 Hz lọ. Dísítọ́ṣọ̀n sì ń bí àwọn ohùn gíga lórí ohùn gíga, wọ́n ń kọjá ibẹ̀. Èyí tó bá kọjá kò ní sọnù o. Á yí padà wálẹ̀, á sì di ohùn mìíràn tí kò bá nóòtì tó o ta mu rárá. Ohun tó ń dún gbígbẹ nìyẹn. Oògùn rẹ̀ ni kí kọ̀ǹpútà máa ṣírò ìgbà tó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú ikùn rẹ̀ kó tó gbé ohùn jáde, agbára tí àwọn ẹ̀rọ ọdún 1998 ní fún irú iṣẹ́ yẹn kò sì pọ̀. Ti ìsinsìnyí tó o. Nítorí náà, ẹni tó gbọ́ mọ́dẹ́là láyé ọjọ́un tó sì bínú kúrò nídìí rẹ̀ kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n kó tún padà wá gbọ́ ọ.

Àwọn kan á ní, "Ó ń pẹ́ kó tó dún." Ẹ jẹ́ ká ṣírò ìyẹn. Ohùn ń rìn nínú afẹ́fẹ́ ní nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹni tó dúró ní mítà mẹ́ta sí áńpù rẹ̀, ohùn náà ti lo bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kó tó dé etí rẹ̀. Mọ́dẹ́là tó dáa kì í lò ju bí ìdá méjì sí mẹ́rin lọ. Bẹ́ ẹ bá fi hẹ́dífóònù gbọ́ ọ, ó yá ju áńpù tó wà lẹ́yìn yín lórí ìtàgé lọ. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá tò wáyálẹ́ẹ̀sì lé e, tẹ́ ẹ tún gba míksà oní-kọ̀ǹpútà kọjá, tẹ́ ẹ tún fi wáyálẹ́ẹ̀sì mìíràn gbé e wá sí etí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ń bu tirẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ lè wá dunni lọ́wọ́ nígbà náà.

Jẹ́ kí n wá sílé. Ọ̀pọ̀ nínú orin tá a ń ṣe níbí, ohùn gìtá tó mọ́ ló ń lò. Jùjú, háíláìfù, orin ìyìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, gìtá mẹ́ta mẹ́rin tí wọ́n ń dá ara wọn lóhùn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ yọ ketekete. Bí gbogbo wọn bá há, ariwo ni. Nínú àwo Jùjú Music tí King Sunny Adé gbé jáde ní 1982, gìtá onírin, ìyẹn pedal steel, tí Démọ́lá Adépọ̀jù ń ta ń lọ gbooro lókè gbogbo wọn, kò sì há. Àwọn tó ń ta irú gìtá yẹn ní Amẹ́ríkà ti fi fáàfù sílẹ̀ tipẹ́. Peavey Session 400, áńpù transistor, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé kiri láti àwọn ọdún 1970. Roland JC-120, tó jáde ní 1975, kò ní fáàfù kankan nínú, ẹ sì mọ bí ohùn rẹ̀ ṣe mọ́ tó. Fún ohùn mímọ́, ìjà fáàfù àti kọ̀ǹpútà fẹ́rẹ̀ẹ́ má kàn wá. Agbègbè ibi tí ohùn ti fẹ́ há tí kò tíì há ni mọ́dẹ́là ti ń tiraka, ẹni tó bá ń ṣe bùlúù tàbí rọ́ọ̀kì ló sì yẹ kó máa ronú nípa ìyẹn gidigidi.

Ohun tó kàn wá gan-an ni iná. Eddie Van Halen, onígìtá rọ́ọ̀kì ní Amẹ́ríkà, láyé àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1978, ní ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Variac tó fi máa ń fa iná tó ń wọ Marshall rẹ̀ wálẹ̀, láti 120 vólítì tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà sí nǹkan bí 90, kí áńpù lè tètè há láì pariwo tó bẹ́ẹ̀. Àwa ò nílò Variac. NEPA ti ń bá wa ṣe é láti ọjọ́ tó ti pẹ́, wọn ò sì gba owó lé e.

Ẹ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Ohun tó ń gbóná nínú ọ̀pọ̀ fáàfù gìtá, 6.3 vólítì ló fẹ́. Bí iná tó yẹ kó jẹ́ 230 bá di 170, 6.3 yẹn ti di bíi 4.7. Fáàfù ò gbóná tó, agbára rẹ̀ relẹ̀, ohùn tó o tò ní ọ̀sán kọ́ lo máa bá ní alẹ́. Bí iná bá tún ṣàdédé fò sókè, fíúùsì ló máa kọ́kọ́ lọ bí Ọlọ́run bá bá ọ ṣe é. Ọ̀pọ̀ mọ́dẹ́là òde òní kò bìkítà: láti 100 dé 240 vólítì, wọ́n gbà á. Ṣùgbọ́n tiwọn náà ń bẹ. Nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ láàárín orin, tí jẹnẹrétọ̀ sì gbà á lójú ẹsẹ̀, fáàfù ṣì gbóná, áńpù á bá iná padà. Kọ̀ǹpútà á bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, àwọn kan a sì máa lo bí ìṣẹ́jú kan kí wọ́n tó jí. Ìṣẹ́jú kan láàárín orin ìyìn, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń gùn tó. Ẹ so UPS kékeré mọ́ ọn. Owó rẹ̀ kò tó owó ìtìjú.

Ìwúwo ńkọ́? Fender Twin Reverb tí wọ́n ń tún ṣe lóde òní wúwo tó kílò 29. Ẹ gbé ìyẹn gun bọ́ọ̀sì láti Ìyànà-Ìpájà, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi pé fáàfù ló dáa jù. Mọ́dẹ́là kékeré tó dáa wà tí kò wúwo tó kílò méjì. Fáàfù tún máa ń darúgbó, ibi tí wọ́n ti ń ṣe é kò sì pọ̀ mọ́: Slovakia, Rọ́ṣíà, Ṣáínà ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Ní March 2022, kété lẹ́yìn tí Rọ́ṣíà gbógun wọ Ukraine, ilé iṣẹ́ tó ni fáàfù Sovtek àti Electro-Harmonix kéde pé àwọn ò rí ẹrù gbé jáde ní Rọ́ṣíà mọ́ fúngbà díẹ̀, ìbẹ̀rù sì ran ọjà káàkiri ayé.

Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá gbé áńpù Fender tí wọ́n ṣe ní 1965 wá lónìí, àgbà rédíò tó mọṣẹ́ á ṣí i, á rí gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ lójú, á sì tún un ṣe. Ta ló máa tún mọ́dẹ́là ṣe lẹ́yìn ogójì ọdún, nígbà tí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe sọ́fítíwíà rẹ̀ bá ti pa á tì? Níbi tó bá ti kan ohun tí bàbá lè fi sílẹ̀ fọ́mọ, fáàfù ń borí, n ò sì rí ẹni tó máa jiyàn ìyẹn.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀sùn jù. Onígìtá á lo ọ̀sẹ̀ kan nínú yàrá rẹ̀ láti to mọ́dẹ́là, ohùn á dùn bí oyin. Ọjọ́ ìsinmi á dé, báàsì á máa pariwo, ohùn gìtá á sọnù sínú ti kíbọ́ọ̀dù. Mọ́dẹ́là kọ́ ló jẹ̀bi. Ní 1933, Fletcher àti Munson ní Bell Labs ti fi hàn pé etí èèyàn kì í gbọ́ báàsì dáadáa nígbà tí ohùn bá kéré. Ẹni tó bá to ohùn rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lóru kí àwọn ará ilé má baà jí, á ti fi báàsì àti tírẹ́búù kún un láìmọ̀. Bí fólúùmù bá wá lọ sókè, gbogbo ohun tó fi kún un á jáde bọ̀ sí gbangba. Ẹ tò ó bó ṣe máa pariwo lọ́jọ́ náà, nínú gbọ̀ngàn náà, pẹ̀lú àwọn yòókù. Bẹ́ ẹ bá sì kórìíra ohùn mọ́dẹ́là yín, kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ áńpù inú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ sípíkà àti máìkì inú rẹ̀, ìyẹn fáìlì IR. Celestion fúnra wọn ń ta ti àwọn sípíkà wọn.

Wọ́n ní kí n dáhùn tààrà. Ó dáa. Ẹni tó bá ń ṣeré kiri, tó ń lo ẹ̀rọ ohùn ẹlòmíràn níbikíbi tó bá dé, kó ra mọ́dẹ́là, kó sì fi owó tó kù ra sípíkà mọ́nítọ̀ tirẹ̀, kó lè máa gbọ́ ara rẹ̀. Ẹgbẹ́ olórin Metallica tí ariwo áńpù jẹ́ oúnjẹ wọn ti fi Axe-Fx ṣeré lórí ìtàgé fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì sẹ́ni tó béèrè owó rẹ̀ padà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá ní yàrá ìgbohùnsílẹ̀ tí iná rẹ̀ dúró, tó sì fẹ́ràn kí ohùn máa dáhùn lábẹ́ ọwọ́ òun, kó ra fáàfù oní-wáàtì kékeré. Wáàtì ọgọ́rùn-ún, kí lẹ fẹ́ fi ṣe nínú yàrá?

Arákùnrin kan níwájú níbí bi mí kí n tó gun orí pèpéle pé bàbá òun fi áńpù oní-fáàfù àtijọ́ kan sílẹ̀, kò tíì tàn láti ọjọ́ pípẹ́, ṣé kóun tà á kóun fi ra mọ́dẹ́là? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á, ẹ má sì ki wáyà rẹ̀ bọ ògiri láti dán an wò. Iná tó tó vólítì ọ̀ọ́dúnrún sí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, àwọn kapásítọ̀ inú rẹ̀ sì lè di iná mú fúngbà pípẹ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yọ ọ́ lára ògiri. Ó ti pa àwọn tó gbọ́n. Ẹ gbé e lọ bá ẹni tó mọ fáàfù, kó pààrọ̀ àwọn kapásítọ̀ tó ti gbó. Nígbà tó bá ti ń dún, ẹ fi Neural Amp Modeler gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ẹ máa gbé fáìlì yẹn lọ òde, kí áńpù bàbá máa wà nílé. Bẹ́ ẹ bá sì gbé e dé ọ̀dọ̀ onírédíò, ẹ rí i dájú pé sípíkà rẹ̀ ti wà lára rẹ̀ kó tó tan án, torí tàràńsífọ́mà rẹ̀ lè jó bí kò bá sí sípíkà, irú rẹ̀ kò sì sí lọ́jà mọ́.